Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Oògùn Eku Ni Warfarin?

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀ màámi. Ẹsẹ̀ òsì wú, ó gbóná, ó ń dùn wọ́n. A kọ́kọ́ rò pé làkúrègbé ni. Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè wá, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó dì sẹ́sẹ̀ lè já kúrò níbẹ̀, kó bá ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ, kó sì lọ dí iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn lè pa èèyàn kíá. Wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́ sí ikùn fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lo warfarin lálaalẹ́.

Lẹ́yìn bí oṣù kan àbọ̀, mo délé, mo ka oògùn tó kù nínú páálí. Ó yẹ kó ti tán, ṣùgbọ́n 13 ṣì wà níbẹ̀. Màámi ti dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní èrìgì àwọn ń ṣẹ̀jẹ̀ tí àwọn bá ń fọ ẹnu, apá àwọn sì ń dúdú láwọn ibì kan bí apá ẹni tí wọ́n nà. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹnì kan ládùúgbò sọ fún wọn pé òun kà á lórí fóònù pé oògùn eku ni warfarin. Wọ́n tẹjú mọ́ mi: "Ìwọ tó ò ń ka sáyẹ́ǹsì, ṣé lóòótọ́ ni?"

Mi ò lè purọ́ fún wọn. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ ìtàn yẹn ò parí síbẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ìyókù ni yóò mọ bó ṣe lè lo oògùn yìí láìjẹ́ pé ẹ̀rù bà á dá a dúró. Èmi kì í ṣe dókítà o. Kẹ́míkà inú ara èèyàn ni mò ń kà. Torí náà, ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n ṣàlàyé bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà tó ń bá a rìn ti wá.

Màlúù ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Kánádà àti láwọn ìpínlẹ̀ àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n á gé ìwo màlúù kan, ẹ̀jẹ̀ á máa dà títí tí màlúù náà á fi kú. Frank Schofield, dókítà ẹranko kan ní Kánádà, ló ṣàkíyèsí pé koríko kan tí wọ́n ń pè ní sweet clover ni wọ́n ń jẹ, àti pé èyí tó ti bu nìkan ló ń pa wọ́n. Èyí tí kò bu ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ní oṣù kejì ọdún 1933, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin gbé òkú màlúù kan, koríko tó ti bu, àti garawa ẹ̀jẹ̀ kan tó kọ̀ tí kò dì, ó wakọ̀ nínú yìnyín títí ó fi dé yunifásítì ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ Karl Paul Link, onímọ̀ kẹ́míkà, ló já sí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Link àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi wá ohun tó wà nínú koríko náà. Nígbà tó di 1939, wọ́n rí i mú. Clover ní èròjà kan tó ń mú kó máa ta sánsán. Tó bá bu, èròjà yẹn á yí padà, á di ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Inú iṣẹ́ yẹn ni warfarin ti jáde. WARF tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀ ni ìkékúrú orúkọ àjọ tó ná owó sí ìwádìí náà, Wisconsin Alumni Research Foundation. Lọ́dún 1948, wọ́n gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí oògùn eku. Lọ́dún 1951, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́ kó lè kú. Wọ́n fún un ní fítámì K lọ́sibítù, ara ẹ̀ sì yá. Àwọn dókítà wá rí i pé ohun tó ṣeé dá dúró báyìí, ó ṣeé fi wo èèyàn. Wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn lọ́dún 1954. Nígbà tó sì di 1955, tí àìsàn ọkàn kọlu Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà, warfarin wà lára oògùn tí wọ́n fún un.

Ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́lẹ́ o

A máa ń sọ pé oògùn yìí ń mú ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́, bí ẹni bu omi sọ́bẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tẹ́lẹ̀ ló ṣe ki. Ohun tó yí padà ni bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì.

Ẹ jẹ́ ká fi bùkà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀dọ̀ ni alásè. Oúnjẹ tó ń sè ni èròjà mẹ́rin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tí àwọn onímọ̀ fún ní nọ́ńbà 2, 7, 9 àti 10. Àmọ́ kò lè gbé oúnjẹ yìí jáde láìsí àwo. Fítámì K ni àwo. Bí wọ́n bá ti lo àwo kan tán, ó ti dọ̀tí nìyẹn, àfi kí ọmọ tó ń fọ àwo fọ̀ ọ́ kó tó ṣeé lò padà. Ọmọ afọwo yìí lorúkọ: VKOR. Àṣírí ẹ̀ pẹ́ kó tó tú, ọdún 2004 ni wọ́n tó rí jíìnì tó ń ṣẹ̀dá ẹ̀.

Gbogbo ohun tí warfarin ń ṣe ò ju pé ó di ọmọ afọwo lọ́wọ́ mú. Àwo tó mọ́ á dín kù, oúnjẹ tó ń jáde á dín kù, ẹ̀jẹ̀ á sì máa pẹ́ kó tó dì. Ó tán.

Tẹ́ ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, ẹ ó rí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tí oògùn yìí fi ń gba èèyàn là náà ló fi ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sẹ́sẹ̀ màámi, òun náà ni kò jẹ́ kí èrìgì wọn tètè gbẹ. Kò sẹ́ni tó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìkejì ni pé kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ tó ti jáde kí wọ́n tó di ọmọ afọwo mú ṣì wà níwájú àwọn oníbàárà. Nọ́ńbà 7 tètè ń tán, wákàtí mẹ́fà tó ìdajì ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 2 ń lò tó ọjọ́ méjì àbọ̀ sí mẹ́ta kí ìdajì ẹ̀ tó lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ fúnni lábẹ́rẹ́ ikùn fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa ṣọ́ ilé de warfarin. Òun náà ló fà á tó fi jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ ṣe lónìí, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ẹ ó tó rí àbájáde ẹ̀.

Nọ́ńbà kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ sórí

Nọ́ńbà yẹn ni INR. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, ó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Ẹni tí kò lo oògùn kankan, tiẹ̀ máa ń wà ní bí 1. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo warfarin torí ẹ̀jẹ̀ tó dì sẹ́sẹ̀, tàbí torí ọkàn tó ń lù ségesège, 2 sí 3 ni wọ́n ń fẹ́ kí tiwọn wà. Àwọn míì tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sí lọ́kàn lè nílò kó ga díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wálẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Tó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà.

Nígbà tí a gbé màámi padà lọ ṣe àyẹ̀wò, INR wọn ti já sí 1.1. Ìyẹn ni pé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ẹ̀jẹ̀ èrìgì ni wọ́n ń rí, òun ló sì ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó lè máa dì lẹ́sẹ̀, wọn ò rí i.

Ìwọ̀n oògùn kì í dọ́gba. Ẹnì kan lè máa lo 2 mg lójúmọ́, kí ẹlòmíì máa lo 10 mg, kí INR àwọn méjèèjì sì bára mu, torí pé jíìnì oníkálukú yàtọ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni pín in, ẹ má sì fi tẹlòmíì díwọ̀n tiyín.

Àwọn wàhálà kéékèèké àti bí a ṣe ń bá wọn gbé

*Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀.* Ẹ má torí ẹ̀ ṣíwọ́ fífọ ẹnu, torí èrìgì tó dọ̀tí ló ń ṣẹ̀jẹ̀ jù. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, kẹ́ ẹ rọra fọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ràn orín lè fi sílẹ̀ ná, torí ó máa ń gún èrìgì. Ẹ sì sọ fún dókítà eyín kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

*Imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀.* Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń gbé orí sókè, tí a ó sì da omi tútù lé e. Ọ̀nà ọ̀fun ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, ẹ fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ nímú pọ̀, kẹ́ ẹ máa fi ẹnu mí. Ẹ má tú u wò títí ìṣẹ́jú 10 sí 15 á fi pé.

*Ọgbẹ́ kékeré.* Tí ọ̀bẹ bá gé yín níbi tẹ́ ẹ ti ń gé àlùbọ́sà, aṣọ tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 láìyọjú wò ó. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá yọjú, ẹ̀ ń tú ohun tó fẹ́ dì níbẹ̀ ni. Ẹ fi kílípà gé irùngbọ̀n dípò abẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ fún yín lásìkò yìí.

*Ara tó ń dúdú.* Tó bá jẹ́ pé ẹ forí apá gbá ilẹ̀kùn, tí ibẹ̀ wá dúdú, kò yani lẹ́nu. Àmọ́ tó bá ń yọ láìsí pé ohunkóhun gbá yín, tàbí tó ń tóbi sí i, INR ti lè ga nìyẹn. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Abẹ́rẹ́ ìdí náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ẹran ara, torí náà ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé warfarin lẹ̀ ń lò kó tó fà á.

*Nǹkan oṣù tó ń pọ̀.* Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má fi èyí mú sùúrù. Tí nǹkan oṣù bá ń dà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ara lè dín kù, ó sì ní ohun tí dókítà lè ṣe sí i láìdá warfarin dúró. Ohun kan tún wà: warfarin ń kọjá sára ọmọ inú, ó sì lè ba ọmọ náà jẹ́. Ẹni tó fẹ́ lóyún, tàbí tí kò rí nǹkan oṣù ẹ̀, kó tètè sọ. Abẹ́rẹ́ ikùn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kì í kọjá sára ọmọ, òun ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò ẹ̀.

*Irun tó ń já.* Ó máa ń ṣe àwọn kan. Ó lè bani lójú jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń dà níbì kan.

Ewédú ò jẹ̀bi

Ìmọ̀ràn tí màámi gbọ́ jù ládùúgbò ni pé kí wọ́n má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá ni pé fítámì K pọ̀ nínú ewé tútù: ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugu. Jíjẹ ẹ̀fọ́ dà bí kéèyàn ra àwo tuntun wá sí bùkà. Tí àwo tuntun bá pọ̀, kò já mọ́ nǹkan kan pé wọ́n di ọmọ afọwo mú. INR á wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Iye ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ sábà máa ń jẹ, dókítà ti fi díwọ̀n oògùn yín láìmọ̀. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ ewédú lójoojúmọ́ fún oṣù kan, kẹ́ ẹ wá pa á tì lójijì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí kẹ́ ẹ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tí fítámì K tó ń wọlé bá dín kù lójijì, INR lè fò sókè. Torí náà, ẹ jẹ àmàlà yín pẹ̀lú ewédú. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni kí iye tẹ́ ẹ̀ ń jẹ lọ́sẹ̀ kan má jìnnà sí ti ọ̀sẹ̀ kejì. Warfarin ò bínú sí ẹ̀fọ́, ìyípadà òjijì ni kò fẹ́.

Ti àgbo yàtọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ewé ló burú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìgò àgbo kan àti ìwọ̀n ẹ̀, ti òní sì lè má rí bíi ti àná. Ọtí àmupara náà máa ń da INR rú.

Ibi tí ewu wà jù: kẹ́mísì

Ọ̀pọ̀ nínú wa, tí orí bá ń fọ́ wa, tí ikùn bá ń ṣe wa, kẹ́mísì iwájú ilé là ń lọ. Fún ẹni tó ń lo warfarin, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti ṣọ́ra.

Ibuprofen, diclofenac àti piroxicam máa ń ha ikùn, wọ́n sì ń dá àwọn hóró kéékèèké tó máa ń kọ́kọ́ sáré lọ dí ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́ kọ́. INR lè má yí padà rárá, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà nínú ikùn. Aspirin náà ń kó sí wọn, àfi tó bá jẹ́ pé dókítà tó mọ̀ pé ẹ̀ ń lo warfarin ló fún yín. Ẹ má gbàgbé pé aspirin wà nínú Alábùkún. Metronidazole, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Flagyl, Septrin, fluconazole àti tramadol lè mú INR ga. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife ń fà á wálẹ̀. Paracetamol ló fara rọ jù fún ìrora, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń lò ó dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń gbani níbi yìí, ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó ń ṣe yín: "Warfarin ni mò ń lò."

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ti alẹ́, tẹ́ ẹ sì rántí kí ọjọ́ yẹn tó parí, ẹ lò ó. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ fi ti àná sílẹ̀. Ẹ má lo méjì pọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi han dókítà.

Ìgbà tí kò sí ká máa rò ó

Ẹ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

- Ìgbẹ́ tó dúdú kirikiri bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀
- Ìtọ̀ tó pupa
- Èébì tó ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tó rí bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ kọfí
- Ẹ̀jẹ̀ imú tàbí ti ọgbẹ́ tó kọ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15
- Orí fífọ́ tó le lójijì, apá tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, ẹnu tó wọ́
- Àyà tó ń dunni, tàbí èémí tó ń ké lójijì
- Orí tẹ́ ẹ fi gbálẹ̀, bí ara yín tiẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí fún wákàtí púpọ̀ kó tó hàn.

Àwọn oògùn tuntun ńkọ́?

Rivaroxaban, apixaban àti dabigatran ti wà. Wọn ò kan ọmọ afọwo rárá. Rivaroxaban àti apixaban ń dá nọ́ńbà 10 fúnra ẹ̀ dúró, dabigatran ń dá nọ́ńbà 2 dúró. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í béèrè INR, tí ewédú ò sì kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn náà ń fa ẹ̀jẹ̀ dídà, dabigatran sì máa ń dá àyà títa sílẹ̀ fún àwọn kan. Wọ́n tètè ń kúrò lára, torí náà ẹni tó gbàgbé ọjọ́ kan ti wà láìsí ààbò. Wọn ò sì gbà wọ́n láyè fún ẹni tó ní ilẹ̀kùn irin lọ́kàn. Warfarin ṣì ni tiwọn.

Kí ni mo wá sọ fún màámi? Mo sọ ọ̀rọ̀ màlúù fún wọn, mo sọ ti bùkà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oògùn eku ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Eku ò mọ ìwọ̀n, kò sì rẹ́ni yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ìyẹn ló pa á." Mi ò rò pé olùkọ́ mi kankan lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà tún abẹ́rẹ́ ikùn bẹ̀rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì padà sórí warfarin. Ní báyìí, ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọjọ́, ìwọ̀n oògùn, INR, àti ohunkóhun tó bá ṣẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Èrìgì wọn ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì lo ti alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Tí ẹnì kan bá ń lò ó nílé yín, ẹ bi í léèrè lónìí: mélòó ni INR ẹ̀ ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn, ìgbà wo ló sì tún máa ṣe é? Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ tẹ̀ lé e lọ.